Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́: Ẹ Ṣí Họ́sítẹ́ẹ̀lì Sílẹ̀ fún Àwọn Ọmọ Wa ní Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ wa. Lẹ́tà tó ń dé iwájú yín pọ̀, nítorí náà n ó tètè sọ ohun tó gbé mi wá. Mo fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣí họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé, kí àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba náà lè lọ káńpù fún ọ̀sẹ̀ kan, bí àwọn ọmọ olówó ti ń lọ.

Káńpù ọ̀dọ́ ti ìjọ wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jẹ́ tíṣà kékeré. Ìdí ìkòkò ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí, mò ń ro ògì, mò ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó yá, wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń tọ́jú ọmọ, Ìyá Káńpù sì ni àwọn ọmọ ń pè mí títí dòní, àní àwọn tó ti di ìyá ọmọ nínú wọn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ̀yìn tì nídìí káńpù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀ yín.

Bí táàmù kẹta bá ti parí ní ìparí oṣù keje, ẹ wo ara ògiri àti òpó iná ní ìgboro Èkó tàbí Ìbàdàn. Ìwé ìpolówó káńpù ló kún ibẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní lúwẹ̀ẹ́, ibi tí wọ́n ti ń ṣe kéèkì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ táíkwọ́ńdò. Inú mi dùn sí i pé àwọn ọmọ kan ń jẹ àǹfààní yìí. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́bàá títì kò lè rí owó bẹ́ẹ̀ san lórí ọmọ kan, áńbọ̀ńtórí ọmọ mẹ́ta. Ọmọ tirẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá lọ sí lẹ́sìn, níbi tí wọ́n ti ń tún ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán kà, yóò tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, tàbí kó máa sáré tẹ̀lé mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, omi inú ọ̀rá lórí. Èyí tí wọ́n bá tì mọ́lé yóò jókòó ti fóònù láti àárọ̀ títí bátìrì yóò fi kú.

N kò sọ pé ó burú kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ tajà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kiri kí á tó di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Ohun tó ń dùn mí ni pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìsinmi yẹn, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí ọmọ yìí lè pè ní tirẹ̀.

Láyé àwọn òbí wa, aba ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Oǹdó, ọmọ Ifẹ̀ á di ẹrù rẹ̀, ó di aba lọ́dọ̀ bàbá àgbà. Àkókò yẹn gan-an ni àgbàdo ń gbó, tí iṣu tuntun ń jáde, tí awùsá ń já bọ́ nínú oko kòkó. Ọmọ á mọ ìrókò yàtọ̀ sí arère, á mọ ewé tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń di obì. Òun àti àwọn ọmọ ẹbí tí kò mọ̀ rí á jọ sùn lórí ẹní kan náà, wọn á jà, wọn á parí ìjà. Lónìí, wọ́n ti ta ilẹ̀ ọ̀pọ̀ aba, ẹ̀rù ọ̀nà ibẹ̀ sì ń ba òbí nítorí àwọn ajínigbé. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ti kó wá sọ́dọ̀ ọmọ ní ìlú ńlá. Kò sí ẹni tó rọ́pò aba fún ọmọ tálákà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ìgbà náà sì bá a mu. Lẹ́yìn òjò ńlá oṣù kẹfà àti ìkeje, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní apá gúúsù ilẹ̀ yìí kó tó tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án. August break ni gbogbo ayé ń pè é. Ìkúukùu á bo ojú ọ̀run, oòrùn kì í le, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ wá láti ọ̀nà òkun. Ọmọ lè sáré ní pápá lọ́sàn-án gangan kí orí má fọ́ ọ. Kì í ṣe pé òjò kì í rọ̀ rárá. Ó lè ṣú fún odindi ọjọ́ kan kó máa kán tótó. Ìdí nìyí tí mo fi ń bèèrè họ́sítẹ́ẹ̀lì tó ní òrùlé, tí n kò bèèrè àgọ́ aláṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú káńpù, kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń tọrọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ariwo ni. Bọ́ọ̀sì á dé, ọmọ á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì Ghana-must-go, korobá àti aṣọ ìbora. Ìyá á ti di gàrí, ẹ̀pà àti ṣúgà sí i nínú ẹrù, á tún dúró lẹ́nu géètì, á máa pè é padà nítorí pé ó gbàgbé láti sọ pé kó má fi omi tútù wẹ̀. A óò gba fóònù lọ́wọ́ àwọn tó bá mú un wá, a óò kọ orúkọ lé e, a óò tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ni ojú wọn máa ń fà ro jù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹkún ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò tíì sùn níbi tí ìyá rẹ̀ kò sí rí, tó ti ń ṣe akin láti ọ̀sán, á fi aṣọ bo orí, á máa sunkún kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Kò mọ̀ pé ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì náà ń sunkún. A kì í bá wọn wí. Màá gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, màá máa kọrin jẹ́jẹ́ títí oorun yóò fi gbé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi máa di alẹ́ ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ yìí kan náà ni a óò máa bẹ̀ pé kí wọ́n dákun, kí wọ́n pa ariwo mọ́, kí àwọn àgbà rí oorun sùn.

Agogo mẹ́rin ìdájí ni àwọn ìyá ìdáná ti ń jí. Òjò alẹ́ ti mú kí igi tutù, èéfín á máa ta wá lójú kí iná tó ràn. Ènìyàn méjì ló ń ro ògì nínú ìkòkò ńlá: ọ̀kan ń da omi tó ń hó sí i díẹ̀díẹ̀, èkejì ń fi omorogùn rò ó láìdáwọ́ dúró. Bí omi bá pẹ́ kó tó hó, tàbí tí ẹni tó ń rò ó bá yí ojú sẹ́yìn, ògì á dì ní kókó, ọmọ á sì mọ̀. Ní ìdí ààrò kejì, àkàrà ti ń wú nínú epo. Kí fèrè tó dún ní agogo márùn-ún ààbọ̀, òórùn rẹ̀ ti wọ yàrá lọ jí àwọn mìíràn.

Lẹ́yìn ìwẹ̀ àti àdúrà, ìyẹ̀wò yàrá ló kàn. Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wò yìí máa ń ká àwọn ọmọ lára púpọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́rin la máa ń pín wọn sí, a fi orúkọ odò ilẹ̀ wa sọ wọ́n: Ọ̀ṣun, Ògùn, Ọ̀yán àti Ọ̀wẹnà. Ẹgbẹ́ tí yàrá wọn bá mọ́ jù ni yóò kọ́kọ́ gba oúnjẹ. Mo ti rí ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé kò fọ abọ́ rí, tó jí kí fèrè tó dún, tó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àkísà tútù nítorí pé kò fẹ́ kí Ọ̀yán tún borí Ọ̀ṣun. Àgbà kankan kò pàṣẹ fún un.

Ọ̀sán ni iṣẹ́ ọwọ́ àti eré. Wọ́n á kọ́ bí a ti ń di ojú ọgbẹ́ bí ẹnìkan bá fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀, bí a ti ń ta okùn tí kò ní tú, bí a ti ń gbin ewédú kó hù dáadáa. Ìjàkadì wà, ayò ọlọ́pọ́n wà, sùwẹ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, a máa ń kó wọn jáde. Ilẹ̀ wa kò ṣe aláìní ibi tí ọmọ lè lọ: òkè Olúmọ wà ní Abẹ́òkúta, àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè wà níbẹ̀ fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le, igbó Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, èyí tí àjọ UNESCO ti kà mọ́ ogún gbogbo ayé láti ọdún 2005. Ìkògòsì ni mo fẹ́ràn jù ní tèmi. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn wá láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n pàdé, ẹ ó sì rí ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ọ̀kan, tó fi ẹsẹ̀ òsì sí èkejì, tó ya ẹnu láìlè sọ̀rọ̀. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi rí i pé ibẹ̀ dára fún ọmọ, wọ́n sì ti tẹ àgọ́ ọ̀dọ́ dó síbẹ̀ kí àwọn ọlọ́fíìsì ìrìn àjò afẹ́ tó mọ orúkọ ibẹ̀.

Alẹ́ ló dùn jù. Bí òjò kò bá rọ̀, a óò dáná sí àárín pápá, a óò jókòó yí i ká. Ẹnìkan á ju àlọ́ sílẹ̀:

“Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Àwọn ọmọ ilé ìwé ìgboro á máa wo ara wọn lójú. Ọmọbìnrin kan láti abúlé ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn, tí kò tíì la ẹnu láti ọjọ́ tó ti dé nítorí pé ó rò pé gbogbo ìyókù gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju òun lọ, á na ọwọ́: “Ẹ̀wà ni!” Ariwo á sọ. Láti alẹ́ yẹn lọ, òun ni wọ́n ń wá kiri. Àlọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò lópin. Ó mọ àpamọ̀, ó mọ àpagbè, ó mọ orin ìjàpá tí èmi fúnra mi kò gbọ́ rí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, òfin tí ìjọba yín ṣe ní ọdún 2018 pé kí gbogbo ilé ìwé máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá, òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í fẹ́ràn èdè torí pé wọ́n fi í sínú tàìmù-tébù. Níbi iná yẹn ni mo ti rí i tí ọmọ tí kò fẹ́ sọ Yorùbá lọ́sàn-án ń fi Yorùbá bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóru pé kó tún àlọ́ kan pa fún òun.

Ohun mìíràn wà tí n kò gbọdọ̀ má sọ. Nínú káńpù, ọmọ dókítà àti ọmọ alágbàáṣe jọ ń fọ ìkòkò. Wọ́n jọ ń pọn omi, wọ́n jọ ń fara gba ìbáwí. Ìjọ wa ní olówó, ó ní tálákà, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé ṣe. Lóde, ilé ìwé ọ̀tọ̀ ni ọmọ olówó ń lọ, ilé ìwé ọ̀tọ̀ ni ọmọ tálákà ń lọ, wọn kì í pàdé títí wọn yóò fi dàgbà. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa, káńpù NYSC ni káńpù àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ ní ayé wọn, wọ́n sì ti lé ní ọmọ ogún ọdún kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ro irú èyí. Ní ọdún 1876, pásítọ̀ kan ní Zürich ní orílẹ̀-èdè Switzerland, Hermann Walter Bion, kó àwọn ọmọ tálákà ìlú náà lọ sí orí òkè Appenzell nígbà ìsinmi, kí wọ́n lè mí atẹ́gùn tó mọ́, kí wọ́n sì jẹun yó. Ètò náà tàn dé ilẹ̀ Faransé, wọ́n pè é ní colonie de vacances, orúkọ yẹn náà sì ni àwọn ará wa ní Benin àti Togo mọ̀ ọ́n sí. William Smith tó dá Boys' Brigade, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin nínú ìjọ, sílẹ̀ ní Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1883 kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí àgọ́ ní ọdún 1886. Ẹgbẹ́ yẹn ti dé Èkó láti ọdún 1908.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Sìkáótù sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, ó kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, níbi tí ẹgbẹ́ Sìkáótù ti bẹ̀rẹ̀. Ó mú ọmọ àwọn olówó láti ilé ìwé bíi Eton àti Harrow, ó mú ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ láti inú Boys' Brigade ní Poole àti Bournemouth, ó sì dà wọ́n pọ̀ sí ẹgbẹ́ mẹ́rin. Owó tí ó gbà lọ́wọ́ wọn kò dọ́gba: ọmọ olówó san pọ́n-ùn kan, ọmọ òṣìṣẹ́ san ṣílè mẹ́ta àti sísì. Àgọ́ kan náà ni wọ́n sùn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ. Bí èèbó ìgbà náà, tí ọ̀rọ̀ ipò àti ìdílé jẹ lógún tó bẹ́ẹ̀, bá lè ṣe é, kí ló fẹ́ dí àwa lọ́wọ́?

Ẹ ó bi mí pé níbo ni owó wà. Ilé ti wà nílẹ̀. Abẹ́òkúta Grammar School ti ọdún 1908, Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School ti 1913, Government College Ìbàdàn ti 1929, Christ's School Adó-Èkìtì ti 1933, Ilésà Grammar School ti 1934: àwọn tó dá irú ilé ìwé wọ̀nyí sílẹ̀ ro ti ibi tí ọmọ yóò sùn, ibi tí yóò jẹun àti pápá tí yóò ti ṣeré. N kò sọ pé àwọn yìí gan-an ni kí ẹ lò o. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tí òrùlé rẹ̀ kò jò, tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ ń yọ. Ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ yan ilé ìwé kan. Mẹ́ta ni ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, méjìdínlógún ní gbogbo rẹ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọgọ́rùn-ún ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀léra. Ọmọ 5,400 nìyẹn. Kò pọ̀ lójú iye ọmọ tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n a ti bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ kò wọ́n ní àkókò yẹn tó bí ẹ ṣe rò. Àgbàdo àti iṣu tuntun ti wọ ọjà. Ní káńpù tiwa, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú kóńgò gàrí tàbí ẹ̀wà kan wá láti ilé, ẹni tí kò ní sì ń wá lọ́wọ́ òfo. Ìyá ìdáná nìkan ló ń mọ ẹni tó mú wá àti ẹni tí kò mú wá, kì í sì í sọ. Àwọn tí yóò bójú tó àwọn ọmọ wà ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́wàá, tọ̀sán-tòru, yóò kọ́ ẹni tó fẹ́ di tíṣà ní ohun tí kò sí nínú ìwé kankan.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ààbò. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ kò bá ní ṣe èyí dáadáa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ní ọdún kan, lóru ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wẹ omi tútù láàárọ̀, ó tún ti sáré nínú òjò lọ́sàn-án pẹ̀lú àwọn yòókù. Nọ́ọ̀sì wa wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bi í léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń fún un nílé, ọmọ náà sì sọ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ SS, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. A wo fọ́ọ̀mù rẹ̀: ìyá rẹ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ ohunkóhun. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá kọ ọ́, a kò ní gba ọmọ òun. A fún un lómi mu dáadáa, a fi aṣọ tó móoru wé e, ọkọ̀ káńpù sì gbé e lọ sí ọsibítù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ara rẹ̀ yá. Láti ìgbà náà, gbogbo òbí ni à ń pè jókòó kí wọ́n tó kọ fọ́ọ̀mù, a ń fi dá wọn lójú pé ọmọ tó ní SS, ọmọ tó ní ikọ́ fée, ọmọ tó ní wárápá, gbogbo wọn la ó gbà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ̀ ká lè bá wọn gbé omi kaná, ká sì mọ ibi tí oògùn wọn wà. Kí fọ́ọ̀mù tiyín náà bèèrè bẹ́ẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sí i gbàgàdà pé àìsàn kò ní lé ọmọ kankan padà.

Kí nọ́ọ̀sì máa sùn nínú ọgbà, kó má ṣe jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fóònù pè. Kí gbogbo bẹ́ẹ̀dì ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Kí wọ́n yẹ omi wò kí ọmọ kan tó mu ún. A kò tíì gbàgbé onígbáméjì tó ṣẹ́ yọ ní Èkó ní ọdún 2024. Kí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ọlọ́pàá máa ṣọ́ géètì tọ̀sán-tòru. Bí òjò bá ti pọ̀, kí wọ́n má kó ọmọ lọ sí ibi tí omi ti ń dà wálẹ̀ láti orí òkè, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Kí àgbà kankan má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, ìbáà jẹ́ tíṣà, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, ìbáà jẹ́ àlùfáà. Kí obìnrin máa bójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin. Kí ọmọ mọ orúkọ ẹni méjì tí òun lè sọ ọ̀rọ̀ fún bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn má sì jẹ́ òṣìṣẹ́ káńpù. Mo tún bẹ̀ yín nítorí ẹgba. Ọmọ tí wọ́n ti nà ní ilé, tí wọ́n nà ní ilé ìwé, kò yẹ kí wọ́n tún nà án ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Mo ti darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ láìlo pàṣán. Ẹni tí kò bá lè darí ọmọ láìnà án, ẹ fún un ní iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di lẹ́sìn. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò bèèrè pé ìṣirò mélòó ni wọ́n ṣe, mo sì mọ̀ pé yóò wu àwọn òṣìṣẹ́ yín láti fi Mátí sí agogo mẹ́sàn-án àti Gẹ̀ẹ́sì sí agogo mẹ́wàá kí ìròyìn wọn lè gún. Oṣù mẹ́wàá ni ọmọ fi ń ka ìwé lọ́dún. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ ní ẹ̀ka kejìlá pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ ń ṣojú fún sì ti sọ òfin náà di tiwọn. Eré jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ nínú òfin tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó sọ nígbà náà pé owó kò ní tó kò kéré. Àga ìjókòó kò tó, tíṣà kò tó, síbẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀, torí pé wọn kò fẹ́ kí owó bàbá ni yóò sọ ọmọ tó máa jókòó ní kíláàsì. Mo ń jẹ lára oúnjẹ tí wọ́n sè nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú yín náà ń jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹjọ kò tó ìdá ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe yẹn.

Bí ẹ bá gbà, ẹ má dúró di oṣù keje kí ẹ tó kéde. Ìyá tó ń tajà gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kẹta, kó lè wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kò ní sí nílé. Kí àwọn ọ̀gá ilé ìwé yan ọmọ ní gbangba, níwájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí àwọn ọmọ ìjòyè àti ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba má baà gba gbogbo ààyè tán. Kí wọ́n dá ààyè sílẹ̀ fún ọmọ abúlé, fún ọmọ òrukàn àti fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ìyá ìdáná tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ọwọ́ wọn ti mọ ìkòkò ọgọ́rùn-ún ọmọ, ti sọ pé àwọn ṣe tán láti wá kọ́ àwọn tiyín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, láìgba owó. Èmi náà ṣe tán. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí á wá àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí á dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Káńpù,
tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.